Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi fi àyàn àkọ́kọ́ rẹ̀ mú running back?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí draft ọdún 2025 ní Green Bay ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn láàárín èmi àti àwọn tí a jọ máa ń wo eré lọ́jọ́ Àìkú, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i. Las Vegas Raiders, tí wọ́n borí nínú eré 4 péré tí wọ́n sì pàdánù 13 ní sáà 2024, fi àyàn àkọ́kọ́ wọn, tó wà ní ipò kẹfà, mú Ashton Jeanty, running back tó sáré 2,601 yáàdì fún Boise State ní sáà tó lò kẹ́yìn ní yunifásítì.

Nítorí àwọn tí eré náà kò tíì yé dáadáa, running back ni ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ quarterback (ẹni tó ń darí ìkọlù ẹgbẹ́ tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), tí yóò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé e wọ àárín àwọn òmìrán tó fẹ́ gbé e ṣubú. Draft ni ètò tí ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù lọ, fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ìpele méje. Ẹgbẹ́ tó ṣe kéré jù lọ ní sáà tó kọjá ni ó kọ́kọ́ ń mú, ẹni tó gba Super Bowl, eré àṣekágbá NFL, ni ó sì ń mú kẹ́yìn.

Kí ló wá burú nínú kí ènìyàn fi ipò gíga bẹ́ẹ̀ mú running back? Gbogbo wa la rí Saquon Barkley: ó sáré 2,005 yáàdì nínú eré 16 ní 2024, ó sì gba Super Bowl pẹ̀lú Philadelphia Eagles ní ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 28 gan-an. Síbẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Raiders ti fi owó ṣòfò. Ẹ gbà mí o.

Akọ̀wé Owó kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Barkley tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó ń ta ko yín, nítorí pé kì í ṣe Eagles ló fi draft mú un. New York Giants ni wọ́n mú un ní ipò kejì ní ọdún 2018. Ó ṣe bẹbẹ ní ọdún àkọ́kọ́, ó kó 2,028 yáàdì jọ ní sísáré àti ní gbígba bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tuntun tó dára jù lọ ní apá ìkọlù. Eré mélòó ni Giants borí ní ọdún náà? Márùn-ún. Ọdún tó tẹ̀lé e ńkọ́? Mẹ́rin. Ní 2020, iṣan orúnkún rẹ̀ já ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ tán pátápátá, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Philadelphia ní oṣù Kẹta ọdún 2024, níbi tí wọ́n ti fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta tó jẹ́ mílíọ̀nù 37.75 dọ́là, láìfi àyàn kankan ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Láti ìgbà tí NFL àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 2011, ipò tí wọ́n ti mú ọmọ kan ni ó ń pinnu iye tí yóò gbà, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe lórí pápá. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn náà, ẹgbẹ́ sì lè fi ọdún karùn-ún kún un bí ọmọ náà bá wá láti ìpele àkọ́kọ́. Nítorí náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 dọ́là tí Giants san fún Barkley fún ọdún mẹ́rin, iye yẹn náà ni wọn ì bá san fún quarterback tàbí fún ẹni tó ń lé quarterback mú. Àmọ́ quarterback tó dáńtọ́ ń gba ju mílíọ̀nù 25 lọ lọ́dún kan ṣoṣo ní ọjà nígbà náà. Bí ẹ bá mú irú rẹ̀ tó sì yọrí, owó gọbọi ló kù sí yín lọ́wọ́ lábẹ́ gbèdéke owó tí NFL fi lélẹ̀ fún ohun tí ẹgbẹ́ lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ẹ ó sì fi ra àwọn mìíràn. Running back kì í gba tó bẹ́ẹ̀ ní ọjà. Bí Barkley tilẹ̀ ṣe yọrí tó, Giants kò jèrè kankan, nítorí pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni owó rẹ̀ ti sún mọ́ ti àwọn tó ń gbà jù lọ nínú àwọn running back.

Nínú draft 2018 yẹn, Josh Allen tó jẹ́ quarterback wà nílẹ̀ títí di ipò keje, Lamar Jackson tí òun náà jẹ́ quarterback sì wà nílẹ̀ títí di ipò 32.

Bàbá Eléré kọ pé:

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, owó ni ẹ máa ń kọ́kọ́ kà. Mo ti ń wo eré yìí láti ìgbà tí Barry Sanders ti ń da àwọn olùgbèjà láàmú ní Detroit, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ti àtijọ́ kún un.

Lions mú Sanders ní ipò kẹta ní 1989. Ọdún mẹ́wàá ló lò, ó sáré 15,269 yáàdì, kò sì sí ẹni tó rí i tí kò yà lẹ́nu. Eré playoff (ìdíje lẹ́yìn sáà tó ń yọrí sí Super Bowl) kan ṣoṣo ni Lions borí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1990, Dallas Cowboys mú Emmitt Smith ní ipò 17. Ó gba Super Bowl mẹ́ta, ó sì fi 18,355 yáàdì sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá. Bí ẹ bá bi mí pé ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dáńgájíá jù nínú àwọn méjèèjì, Sanders ni màá mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Smith ló rí àgbájọ ọwọ́, Sanders kò rí i.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí Smith gbà dé Dallas. Ní 1989, Cowboys ta running back wọn, Herschel Walker, fún Minnesota Vikings, Vikings sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyàn fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àyàn yẹn wà lára ohun tí Cowboys fi ṣe pàṣípààrọ̀ láti gun òkè dé ipò 17. Àwọn tó ta running back ló tún rí running back, wọ́n sì tún rí àwọn mìíràn kún un.

Èyí tó burú jù ni ti New Orleans ní 1999. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Mike Ditka kó gbogbo àyàn tí Saints ní lọ́dún náà, ó fi ti ìpele àkọ́kọ́ àti ti ìpele kẹta ọdún tó tẹ̀lé e lé e, ó kó o fún Washington kí ó lè rí Ricky Williams mú ní ipò karùn-ún. Wọ́n borí nínú eré mẹ́ta péré, wọ́n sì lé Ditka. Williams kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ nǹkan kan o. Kò sí ẹni tí wọ́n lè mú tí yóò wá dènà fún un, ìyẹn ni pé tí yóò ti àwọn olùgbèjà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Maryland, kọ pé:

Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ojú òpó Yorùbá, a kò tíì dárúkọ Jay Ajayi, running back tiwa. London ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wa níbí ní Maryland ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó wá kí wọ́n tó lọ sí Texas. Boise State, ilé ìwé Jeanty, ni òun náà lọ. Iṣan orúnkún rẹ̀ ti já nígbà tó wà ní yunifásítì, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ẹgbẹ́ nítorí orúnkún yẹn. Ní 2015, tí Rams mú Todd Gurley, running back bíi tirẹ̀, ní ipò kẹwàá, ipò 149 ní ìpele karùn-ún ni Miami Dolphins tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Ajayi. Ní 2016, ó sáré 1,272 yáàdì, ó sì sáré ju 200 lọ nínú eré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni ìpele karùn-ún ni mò ń sọ o.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Eagles fi àyàn ìpele kẹrin kan ṣoṣo gbà á lọ́wọ́ Miami, kí sáà náà sì tó parí, ó ti gba Super Bowl. Ọdún tó tẹ̀lé e ni iṣan orúnkún rẹ̀ tún já, kò sì padà bọ̀ sípò bíi ti tẹ́lẹ̀. Àǹfààní ńlá ni Eagles rí gbà ní owó pọ́ọ́kú. Ká ní Miami fi ipò kẹfà mú un ni, kí ni a ó máa sọ nípa rẹ̀ lónìí?

Christian Okoye náà wà níbẹ̀. Enugu ló ti wá, jíju díáskì ló gbé e dé Amẹ́ríkà, yunifásítì ló sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan irú bọ́ọ̀lù yìí. Kansas City mú un ní ìpele kejì ní 1987, nígbà tó sì di 1989, òun ni ó sáré jù lọ ní NFL pẹ̀lú 1,480 yáàdì. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́nu bẹ́ẹ̀ kí ó sì di quarterback. Iṣẹ́ running back ni ọmọ tó ní agbára àti ẹsẹ̀ lè tètè mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ nílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston kọ pé:

Ẹ ṣeun, màmá. Arian Foster tiwa níbí náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó mú un nínú draft rárá, síbẹ̀ òun ló sáré jù ní NFL ní 2010. Mo gbà pé wọ́n lè hù níbikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń fi ẹni tó ṣe déédéé wé ẹni àrà ọ̀tọ̀. Ẹ lọ wo ohun tí Barkley ṣe sí Jacksonville ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ó gba bọ́ọ̀lù kúkúrú kan, ó yẹ ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó yí bírí mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́, bó ṣe kẹ́yìn sí ẹnì kẹta tó ń bọ̀ wá gbá a lẹ́sẹ̀, ó fò sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó gba orí onítọ̀hún kọjá, ó sì balẹ̀ ní ìdúró. Adènà wo ló bá a ṣe ìyẹn?

Aṣọ́nà Iwájú kọ pé:

Kò sí adènà tó bá a ṣe é, ẹ̀gbọ́n, ohun tó dùn ún wò jù lọ ní sáà náà sì ni. Ṣùgbọ́n fífò kan ṣoṣo kì í ṣe 2,005 yáàdì. Ní 2023, ní Giants, Barkley sáré 962 yáàdì, tó túmọ̀ sí 3.9 nígbàkúùgbà tó bá gba bọ́ọ̀lù. Ní 2024, ní Eagles, ó di 5.8. Ara kan náà, orúnkún kan náà, ọdún kan péré ló wà láàárín, ó sì ti dàgbà sí i. Ohun tó yí padà ni àwọn márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀.

Nígbà míì tí ẹ bá ń wo eré, ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá, Jordan Mailata ni kí ẹ wò. Ìpele keje ni Eagles ti mú un ní 2018, eré rugby ló ń ṣe ní Australia, kò tíì gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí. Lápá kejì, Lane Johnson ni, ẹni tí wọ́n fi ipò kẹrin mú ní 2013. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti gbé ẹni tó dojú kọ wọ́n kúrò lójú ọ̀nà, running back yóò ti rin yáàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìgbà yẹn ni ẹ̀bùn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Giants, ẹ̀yìn ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti ń sá fún àwọn olùgbèjà. Ní ìdíje tó ṣáájú Super Bowl, ìgbà àkọ́kọ́ tí Eagles di bọ́ọ̀lù mú sí Washington, 60 yáàdì ló sá tó fi wọlé. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn olùgbèjà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí eré kí ó tó bá wọn pàdé.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò ní adènà tó sì lọ mú running back ní ipò kejì dà bí ẹni tó lọ ra páànù nígbà tí kò tíì mọ ògiri. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ ní lórí àdéhùn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi mẹ́ta nínú rẹ̀ wá adènà, ọdún tó dára jù lọ nínú ẹsẹ̀ ọmọ náà ti lọ.

Aráàlú Atlanta kọ pé:

Tiwa dùn wá ju ti Giants lọ. Ní 2022, Falcons mú Tyler Allgeier ní ìpele karùn-ún, ọmọ náà sì sáré 1,035 yáàdì ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. A ti ní running back nìyẹn, ní owó pọ́ọ́kú. Ní 2023, wọ́n fi ipò kẹjọ mú Bijan Robinson. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Eagles ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Chicago, wọ́n gba ipò kẹsàn-án, wọ́n sì mú Jalen Carter, olùgbèjà àárín.

Mo fẹ́ràn Bijan. Ó sáré 1,456 yáàdì ní 2024, bí ó sì ṣe máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó ré kọjá ẹni tó fẹ́ gbá a mú tó èyí tí ènìyàn ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì fún. Ṣùgbọ́n eré 7 la borí tí a pàdánù 10 ní 2023, a borí 8 a pàdánù 9 ní 2024, a kò sì rí playoff. Ní Super Bowl tí wọ́n gbá ní oṣù Kejì ọdún 2025, Kansas City dí Barkley mọ́lẹ̀, 57 yáàdì péré ló rí fi bọ́ọ̀lù 25 sá. Eagles ṣì nà wọ́n 40 sí 22, nítorí pé ìlà olùgbèjà tí Carter wà nínú rẹ̀ gbé Patrick Mahomes, quarterback Kansas City, ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹni tó yẹ kí ó wà ní Atlanta ni mò ń wò lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Detroit kọ pé:

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di òfin o. Inú draft yẹn náà ni Lions ti mú Jahmyr Gibbs ní ipò 12, gbogbo ènìyàn sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní 2024, ó sáré 1,412 yáàdì, ó fi sísáré wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, a sì borí nínú eré 15 nínú 17.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ipò kẹfà ni Lions ní lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fún Arizona sí ipò 12, wọ́n sì gba ipò 34 kún un, èyí tí wọ́n fi mú Sam LaPorta. Kí wọ́n tó wá ronú kan Gibbs, wọ́n ti fi àyàn ìpele àkọ́kọ́ mú adènà mẹ́ta: Taylor Decker ní 2016, Frank Ragnow ní 2018, Penei Sewell ní 2021. Gibbs bá ilé tó ti dúró.

Akọ̀wé Owó kọ pé:

Mo fara mọ́ ti Detroit, àyàfi pé mo fẹ́ fi kún un pé ilé tó ti dúró pàápàá lè ra ọjà àrà tí kò nílò. Kansas City Chiefs ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Super Bowl nígbà tí wọ́n fi ipò 32 mú Clyde Edwards-Helaire ní 2020. Ó wà níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, wọ́n mú Isiah Pacheco ní ipò 251, nígbà tí draft ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun ni ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún wọn jù nínú Super Bowl méjì tí wọ́n gbà léra wọn. Jonathan Taylor, ẹni ipò 41 nínú draft 2020 yẹn, ló sáré jù ní NFL ní 2021.

Bàbá Eléré kọ pé:

Ẹ ti sọ ti ẹgbẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tó ni ẹgbẹ́ nìkan ni gbogbo yín fi ń wò ó.

NFL kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé àyàfi bí ó bá ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwé girama. Ní ọdún mẹ́ta yẹn, running back ti ń gba ìkọlù ní yunifásítì. Ó wọ NFL ní ọmọ ọdún 21, àdéhùn àkọ́kọ́ gba gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le, nígbà tí yóò sì fi tó àkókò láti béèrè owó, wọn á ní ó ti darúgbó ní 26. Gurley gba àdéhùn ńlá ní 2018, orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un, Rams sì tú u sílẹ̀ ní 2020 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 25. Àwọn olówó ẹgbẹ́ kò gbàgbé rẹ̀. Ní 2023, wọ́n so Barkley, Josh Jacobs àti Tony Pollard mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ọdún kan tí kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 lọ, débi pé àwọn running back ní láti pe ara wọn sí ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Keje kí wọ́n lè rò ó bí wọn ó ṣe ṣe é.

Jeanty yóò gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 36 dọ́là fún ọdún mẹ́rin nítorí pé ipò kẹfà ni wọ́n ti mú un. Ká ní ìpele kejì ni, kò ní rí ìdajì rẹ̀, ó sì lè má rí owó gidi mìíràn láéláé. Bí ọmọ mi bá jẹ́ running back, màá gbàdúrà kí ẹgbẹ́ kan ṣe àṣìṣe yìí lórí rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston kọ pé:

Bàbá, ẹ kú àdúrà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a padà sí Raiders. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, àwọn ló sáré kéré jù lọ ní 2024. Kí draft 2025 tó dé, wọ́n gba Geno Smith láti Seattle fún ipò quarterback, Pete Carroll sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn fún sáà 2025, ẹni tó gba Super Bowl pẹ̀lú Marshawn Lynch. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ló wà ní ipò kẹfà nígbà náà, kí ni ẹ ì bá ṣe?

Aṣọ́nà Iwájú kọ pé:

Ẹ dárúkọ Carroll, ẹ ṣeun. Buffalo ni ó fi ipò 12 mú Lynch ní 2007. Carroll fi àyàn ìpele ìsàlẹ̀ méjì gbà á ní 2010. Nígbà tí Seahawks tirẹ̀ fi ìpele àkọ́kọ́ mú running back, ní ipò 27 ní 2018, Rashaad Penny ni wọ́n mú, tí ìfarapa kò jẹ́ kí ó simi, Cleveland sì mú Nick Chubb, running back mìíràn, ní ipò 35.

Ní ti Raiders, ìpele kẹta ni wọ́n tó mú adènà méjì, ní ipò 98 àti 99. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, Armand Membou ni màá mú ní ipò kẹfà. Adènà ni, Jets sì mú un tẹ̀lé Jeanty gan-an. Ipò 37 ṣì wà lọ́wọ́ Raiders nígbà náà kí wọ́n tó fi ṣe pàṣípààrọ̀, TreVeyon Henderson sì wà nílẹ̀ títí New England fi mú un ní 38. Mo ti rí adènà, mo ti rí running back.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston kọ pé:

Adènà náà lè jáni kulẹ̀. Giants mú Evan Neal ní ipò keje ní 2022, ṣé ó dènà fún Barkley? Èmi yóò mú Jeanty.

Aṣọ́nà Iwájú kọ pé:

Kò dènà fún un, òótọ́ ni. Àmọ́ ní 2022 yẹn, tó jẹ́ ọdún kẹ́yìn lórí àdéhùn àkọ́kọ́ Barkley, wọ́n ṣì ń wá adènà fún un.